Bàbá Tí Agolo Sọ Pé Ó Wà Ní Houston

Tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ló gbé mi wá sí Houston, iṣẹ́ ni mo máa ń sọ. Irọ́ gbuu ni. Agolo ló gbé mi wá. Nígbà tí mo rí fíísà gbà, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa bọ̀ ní New York, àwọn ẹbí ọkọ mi ní Maryland ló dáa fún ọmọ títọ́. Màmá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. "Houston lò ń lọ," ni wọ́n wí. Mo ní kí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ kan."

Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí màmá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n bí wọn gan-an ni ìyá wọn kú, ó wá ku bàbá nìkan. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́rin, wọn ò rí bàbá náà mọ́ lójijì. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, tí gbogbo wọn jọ ń gbé nílé ẹ̀ n'Íbàdàn, ló sọ fún wọn pé bàbá ti lọ sí Amẹ́ríkà, pé kò ní pẹ́ dé. Àǹtí ni màmá mi ń pe obìnrin náà. Lọ́dọọdún, bàtà tuntun á dé nígbà Kérésìmesì, Àǹtí á ní, "Bàbá ẹ ló fi ránṣẹ́."

Ìgbà tí màmá mi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, gbogbo ohun tó bá ti ní lẹ́tà lára ni wọ́n ń kà: ara ògiri, ara ìgò, ara àpò sìmẹ́ńtì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ara agolo tí Àǹtí fi ń wọn ìrẹsì. Ẹnu agolo náà ti ya, ṣùgbọ́n ìwé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì hàn: Houston, Texas. Wọ́n sáré gbé e lọ bá Àǹtí pé ṣé ibí yìí ni bàbá àwọn wà ní Amẹ́ríkà. Àǹtí wo agolo, ó wo ọmọ, ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni." Ó parí. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti mọ àdírẹ́sì bàbá wọn.

Bàtà náà dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lẹ́tà kankan ò wá, ọkùnrin náà ò sì wá. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, inú ti bí màmá mi kọjá ààlà. Wọ́n kéde fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ọkùnrin yẹn létí àwọn mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ ẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Èmi náà ò bèèrè. Nílé wa, ọmọ ò gbọdọ̀ máa tọ àgbà níbi tó bá ń dùn wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé bàbá màmá mi já wọn jù sílẹ̀, ó sì lọ ń jayé ní Amẹ́ríkà.

Lọ́dún tí wọ́n pé ọgọ́rin, tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Sugar Land lẹ́bàá Houston, mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe fún wọn. Mo ti múra sílẹ̀ fún léèsì tàbí wúrà. Wọ́n ní, "Bá mi wá ọkùnrin yẹn."

"Háà, Màmá! Ẹni tí ì bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún?"

"Mo mọ̀ pé ó ti kú, mi ò kí ń ṣe òpè. Ṣùgbọ́n ó ní láti ní sàréè. Ó ní láti ní àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn á mọ ìdí tó fi fi mí sílẹ̀ tí kò wẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ kú láì mọ̀ ọ́n. Tí mo bá sì rí sàréè ẹ̀, mà á dúró lé e lórí, mà á bú u tẹ́rùn, mà á wá lọ sílé lọ sùn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá wo ojú wọn, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń bá mi sọ̀rọ̀ tí wọ́n wé gèlè fún. Màmá mi tó jẹ́ pé "ẹ̀yin" ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì, "ó" lásán ni wọ́n ń pe bàbá tó bí wọn.

Mo rò pé kò ní le. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú ilé gíga kan ní Uptown ni kí n máa ka fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí n mọ èyí tó ń parọ́. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti fún mi ní ife kọfí tí wọ́n kọ "Ojú Idì" sí lára.

Láíbìrì kan wà láàárín ìlú tó jẹ́ pé ìwé ìtàn ìdílé nìkan ni wọ́n kó síbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní gbogbo Sátidé. Ìyá òyìnbó arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ jókòó tì wá, ó ní oríṣi ìwé méjì ló máa ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀kan ni ìwé ìkànìyàn: lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, ìjọba á rán èèyàn láti ilé dé ilé, wọ́n á kọ orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti bí oníkálukú. Wọ́n máa ń tì í pa fún ọdún méjìléláàádọ́rin kí aráàlú tó lè rí i, ṣùgbọ́n orí bá wa ṣe é, èyí tí wọ́n ṣe ní kété lẹ́yìn tí bàbá náà rìnrìn àjò ti wà ní ṣíṣí. Ìkejì ni àkójọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní Texas lọ́dọọdún, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá wọn. Ó ní ṣùgbọ́n kí a tó ṣí ìkankan, òfin àkọ́kọ́ ni pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ilé, kó bi ẹni tó dàgbà jù tó ṣì wà láyé nínú ẹbí. Mo mi orí bí ọmọ dáadáa. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ìyá òyìnbó ò mọ ilé wa.

Ẹ gbà mí, ojú mi rí nǹkan. Ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ ẹ̀ sún mọ́ tiwa, ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Mo ní, "Màmá, kò lè jẹ́ òun, ẹ ní bàbá yín ò tíì pé ọgbọ̀n nígbà náà." Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó lè fi ọmọ sílẹ̀ lè purọ́ ọjọ́ orí." Ẹnì kejì, òyìnbó ni. Wọ́n ní ẹni tó ń kọ ọ́ lè má wò ó dáadáa. Ẹnì kẹta, obìnrin ni. Màmá mi wo orúkọ náà títí, wọ́n yọ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. "Ṣì fi pa mọ́ ná," ni wọ́n wí.

Oṣù mẹ́ta la fi ṣe eléyìí. Màmá mi ń bá àwọn òkú jà lójú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ń yá yàrá gbé, wọ́n á pòṣé ṣàà pé, "Ó ní ẹbí tó nílé n'Íbàdàn, ó wá lọ ń yá yàrá kiri." Àwọn tó ń kàwé ní tábìlì kejì á yíjú. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú tọrọ àforíjì.

Sátidé kan, ìyá òyìnbó náà pè wá pé ká wá wo nǹkan. Ọkùnrin dúdú ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń gbé yàrá kan lẹ́bàá ojú irin ní Houston níbí. Iṣẹ́: alásè. Ibi tí wọ́n ti bí i: Áfíríkà. Orúkọ ẹ̀ ò jìnnà sí tiwa ju bí òyìnbó ṣe máa ń ba orúkọ wa jẹ́ lọ. Orí mi wú. Màmá mi tẹjú mọ́ ọn.

"Alásè," ni wọ́n wí. "Ó ń se oúnjẹ fún àwọn ẹlòmíì."

A ṣí àkójọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun. Ọkùnrin náà bí mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́fà, gbogbo wọn ní Houston. Màmá mi fi ìka tọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Mẹ́rin. Ó sì dúró ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó dùn mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n ti kọ̀ǹpútà náà ṣubú. A gba freeway, òpópónà ńlá, títí a fi yà sí Sugar Land. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní, "Bá mi wá àwọn àbúrò mi. Àwọn ò ṣẹ̀ mí."

Àbíkẹ́yìn nìkan ló ṣì wà láyé. Ìyá òyìnbó bá wa wá a rí. Ilé ẹ̀ ò jìnnà sí Gulfton, níbi tí mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo dé, tí àwa márùn-ún há sínú apartment oníyàrá méjì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ó sì wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì nítorí mo ti sọ fún un lórí fóònù pé àgbàlagbà ń bọ̀. Ó na ọwọ́ sí màmá mi. Màmá mi wo ọwọ́ náà. Wọ́n ń dúró kó dọ̀bálẹ̀. Òun náà ń dúró kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Èmi wà láàárín wọn, mo gbé kúlà mọ́ínmọ́ín dání, mi ò mọ ẹni tí mà á kọ́kọ́ bẹ̀. Nígbà tó yá màmá mi ní, "Kò burú, wọn ò kọ́ ọ ni," wọ́n sì gbá a mọ́ra.

A ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ní, "Bi í pé kí ni bàbá ẹ̀ sọ nípa mi." Mo túmọ̀ ẹ̀. Ọkùnrin náà wò wọ́n pẹ̀lú àánú, ó dìde, ó lọ gbé fọ́tò wá. Bàbá ẹ̀ nìyẹn, kúkúrú bí ìkòkò, ó sanra. Ó tún mú ìwé ìbí bàbá náà wá, tí wọ́n fi sínú gíláàsì: Louisiana, ní Amẹ́ríkà níbí, ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí bàbá tó bí i. Mo ní Áfíríkà tó wà nínú ìwé ìjọba wá ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní bàbá òun kórìíra àwọn tó ń kọ orúkọ èèyàn kiri. Ọjọ́ tí oníkànìyàn wá, oúnjẹ wà lórí iná, ìbéèrè onítọ̀hún ò sì tán. Nígbà tó bi í níbi tí wọ́n ti bí i, ó ní Áfíríkà, kó lè tètè máa lọ. Ọdọọdún ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀ fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Èmi Ojú Idì! Mo ti fi oṣù mẹ́ta kúnlẹ̀ fún ìwé tí alásè tínú ń bí fi dá àpárá.

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń túmọ̀ ẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo ọkùnrin náà tó ti ń da ketchup sórí mọ́ínmọ́ín. "Ṣé kì í ṣe àbúrò mi?" Mo ní rárá, Màmá. Wọ́n ní, "Ó dáa fún un. Bàbá tiẹ̀ dúró." Ìgbà tí a dé inú mọ́tò ni omijé wọn wá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá òyìnbó náà ní ohun tó kù báyìí ni ìwé àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ wo, oṣù wo sì ni? Mi ò mọ̀. Ó ní, "Kí lẹni tó dàgbà jù nílé sọ?" Ojú tì mí gan-an ni. Mo ní mà á pè wọ́n.

Ẹni náà ni ọmọ Àǹtí, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbàdàn. Nínú gbogbo àwọn tó gbé ilé ọjọ́ náà, àwọn àti màmá mi ló kù. Sátidé kejì, aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi àti màmá mi jókòó nílé ìdáná, mo pè wọ́n lórí fídíò. Iwájú orí wọn nìkan là ń rí. Lẹ́yìn tí a kíra tán, tí wọ́n ti béèrè gbogbo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ wo ni bàbá màmá mi wọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà?"

"Ta ló lọ sí Amẹ́ríkà?"

"Bàbá màmá mi, sà."

Iwájú orí náà yẹ̀, ojú kan yọ sí wa. "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn?"

"Èmi ni, Bùrọ̀dá," ni màmá mi wí. "Èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Bàbá Ìbàdàn gbé fóònù sún mọ́ ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ibà ló pa bàbá ẹ ni? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, èmi ni wọ́n rán lọ pe dókítà. A gbé ẹ lọ sílé aládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan kí o má baà rí i."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn lẹ́yìn wa.

"Houston ńkọ́?" Ohùn màmá mi kéré.

"Houston wo? Agolo ìrẹsì! Ìwọ lo gbé e wá tí o ní ṣé ibẹ̀ ni, màmá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí wọ́n wí? Ọmọ tí kò mọ ìyá, ṣé kí wọ́n tún sọ fún un pé kò ní bàbá mọ́? Bí wọ́n ṣe ń sọ fún gbogbo ọmọ kékeré náà nìyẹn, pé wọ́n rìnrìn àjò. Tó bá yá ọmọ á dàgbà, á fúnra ẹ̀ mọ̀. Gbogbo wọn ló ń mọ̀!"

"Bàtà tó ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Màmá mi ló ń rà á ní Dùgbẹ̀."

"Mo wá dàgbà, Bùrọ̀dá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́! A ní áà, wọ́n ti sọ fún un, ó ń dùn ún. Èmi rò pé màmá mi ló sọ ọ́. Màmá mi rò pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Oníkálukú ló gbà pé ẹlòmíì ti ṣe é."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi. Mo rò ó pé ó lé lógún ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò nínú ooru ìlú yìí, pé mo bí ọmọ mẹ́ta tí Yorùbá wọn ò kọjá "ẹ káàárọ̀" àti orúkọ oúnjẹ, nítorí pé obìnrin kan n'Íbàdàn wo agolo ìrẹsì, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni." Ká ní China ni wọ́n kọ sára agolo náà ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, màmá mi ti jókòó sílẹ̀ lórí táìlì, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń sunkún kíkorò. "Bàbá mi kú," ni wọ́n ń wí. "Bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

Kí n tó mọ̀, wọ́n ti pe ṣọ́ọ̀ṣì pé bàbá àwọn kú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ àti àwọn ìyá ìjọ kún pálọ̀ wa. Ẹ mọ̀ ọ́n, tí ẹni ọgọ́rin ọdún bá ní bàbá òun kú, orin lèèyàn máa ń kó wá. Pásítọ̀ wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o! Ẹ kú ìnáwó! Ẹ̀mí gígùn báyìí kì í ṣe kékeré! Bàbá á ti lé dáadáa ní ọgọ́rùn-ún, àbí?" Àwọn ìyá ti ń pàtẹ́wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

"Wọn ò tíì pé ọgbọ̀n," ni màmá mi wí.

Àtẹ́wọ́ dúró. Pásítọ̀ wò mí, èmi náà wo àjà. Ó rọra bi mí pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n àná la gbọ́. Mi ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́. Inú ti ń bí mi sílẹ̀ de ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ níwájú màmá mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kí wọn bí a ṣe ń kí ẹni tí òfò òjijì ṣe. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ rọ́jú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ni yóò máa ṣe bàbá fún yín." Màmá mi di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n ń ṣe àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ẹnikẹ́ni ò tíì kí wọn kú ọ̀fọ̀ yìí rí. Gbogbo àdúgbò ti kí ara wọn tán nígbà náà lọ́hùn-ún, wọ́n fo ọmọ kan ṣoṣo tó ni òkú.

Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ní kí n tún pe Bàbá Ìbàdàn.

"Bùrọ̀dá, ibo lẹ sin bàbá mi sí?"

"Inú ilé náà ni, níbo ni ì bá tún jẹ́? Ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀."

"Ibi tó máa ń tutù yẹn? Ibi tí mo máa ń sùn sí tí mo bá ti ilé-ìwé dé?"

"Ibẹ̀ náà ni. Ìwọ lo fúnra ẹ yan ibẹ̀. O máa ń dí wa lọ́nà, a ò sì gbọdọ̀ jí ẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ fọwọ́ kàn ẹ́, màmá mi á ní, ẹ fi í sílẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀."